Ẹnu Irin Ni, Kì í Ṣe Ọwọ́: Àlàyé Lórí Fífín Ọnà sí Ara Òrùka, Idẹ àti Fàdákà

Bí ènìyàn bá gbé òrùka ìgbéyàwó, ẹ̀gbà ọwọ́ tàbí ife ẹ̀yẹ lọ bá oníṣẹ́ ní Àbújá níbí, tí ó ní kí wọ́n bá òun fín orúkọ sí i, ó kéré tán ọ̀nà mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n lè gbà ṣe é, ọ̀pọ̀ oníbàárà kò sì mọ èyí tí àwọn san owó fún. Èyí ni ó ń fa àríyànjiyàn nígbà tí iṣẹ́ bá parí. Ẹnì kan ń retí ìlà tí yóò máa kọ mànà bí iná bá bà á, wọ́n sì gbé ìlà dúdú tí kò jinlẹ̀ fún un. Ẹlòmíràn ń bínú pé ọwọ́ oníṣẹ́ ń gbọ̀n, nígbà tí ó jẹ́ pé ọwọ́ náà kò ní àbùkù kankan. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé ni fífín tòótọ́, ìyẹn èyí tí a fi irin mímú àti ọwọ́ ṣe: bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́, àti ìdí tí púpọ̀ nínú àṣìṣe rẹ̀ fi ń ti ẹnu irin wá ju ọwọ́ lọ.

Ohun tí ó ya fífín sọ́tọ̀ ni pé ó ń yọ nǹkan kúrò lára wúrà tàbí idẹ. Ṣóńṣó irin ìfín á wọlé, á sì hú èérún tín-ín-rín jáde, ojú ibi tí èérún náà ti kúrò ni a ń rí gẹ́gẹ́ bí ìlà. Iṣẹ́ idẹ Bídá, tí gbogbo wa mọ̀ ní apá àríwá yìí, kò rí bẹ́ẹ̀ ní èyí tí ó pọ̀ jù. Àwọn alágbẹ̀dẹ Nupe tí ń ṣe tíréè àti ìkòkò idẹ níbẹ̀ máa ń fi òòlù lu irin kékeré mọ́ ara idẹ, idẹ á tẹ̀ wọlé tàbí kí ó yọ síta, ṣùgbọ́n kò dín kù: wọ́n kàn tì í sí ipò mìíràn ni. Bí ẹ bá dojú irú tíréè bẹ́ẹ̀ dé, ẹ ó rí ojú iṣẹ́ náà láti ẹ̀yìn. Ọ̀nà kẹta ni ti ásíìdì: wọ́n á fi ìda tàbí ọ̀dà bo ara bàbà, wọ́n á ha àwòrán sínú ọ̀dà náà, wọ́n á wá rì í sínú omi ferric chloride, tí yóò jẹ gbogbo ibi tí ọ̀dà kò bò. Ọ̀nà kẹrin ni ti ẹ̀rọ, yálà lésà tí ń jó ojú irin tàbí ẹ̀rọ tí ń fi dáyámọ́ǹdì ha á, èyí sì ni ó pọ̀ jù lọ ní àwọn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ṣe àwo ìrántí àti ẹ̀bùn òde ìnáwó.

Ọ̀nà tí ó rọrùn jù láti dá wọn mọ̀ ni kí ẹ wò wọ́n lábẹ́ awò kékeré tí àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà ń lò, èyí tí ń sọ nǹkan di ìlọ́po 10. Ìlà tí a fi ọwọ́ fín ní ògiri méjì tí ó pàdé nísàlẹ̀, ògiri méjèèjì á sì máa dán. Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní tín-ín-rín, á fẹ̀ díẹ̀díẹ̀, á sì tún sún padà níparí. Ìlà lésà kì í fẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni kì í sún, ìsàlẹ̀ rẹ̀ kì í dán, ó sì lè dúdú. Ìlà ásíìdì ní ìsàlẹ̀ tí ó rí ṣákaṣàka. N kò bẹnu àtẹ́ lu ìkankan nínú wọn, nítorí pé ẹni tí ó fẹ́ pín ife 200 níbi ìsìnkú bàbá rẹ̀ ní Kubwa kò nílò ẹni tí yóò fi ọwọ́ fín wọn. Ṣùgbọ́n òrùka tí ènìyàn yóò máa wọ̀ títí ọjọ́ alẹ́, tí yóò máa fi fọ aṣọ, tí yóò máa fi gúnyán, nílò ìlà tí ó jinlẹ̀ dáadáa, èyí tí ìlà tí lésà kàn fi jó ojú irin lásán kò lè jẹ́.

Irin ìfín fúnra rẹ̀ kéré, ó sì rọrùn láti fojú tín-ín-rín rẹ̀. Ọ̀pá irin líle kan ni, tí kì í sábà nípọn ju mílímítà 3 lọ, tí a kì bọ èèkù igi roboto tí ó jókòó sí àtẹ́lẹwọ́. Irú irin yìí náà ni Albrecht Dürer, ayàwòrán kan tí bàbá rẹ̀ jẹ́ alágbẹ̀dẹ wúrà ní Nuremberg ní Jámánì, fi fín àwọn àwòrán tí ó lókìkí jù nínú iṣẹ́ rẹ̀ sí ara bàbà ní 1513 àti 1514. Irú rẹ̀ náà ni àwọn alágbẹ̀dẹ fàdákà Tuareg ní ìhà Agadez ní orílẹ̀-èdè Niger ń lò títí di òní. Owó tí ó wà lápò yín pàápàá jẹ nínú iṣẹ́ yìí: bí ẹ bá fi ìka ra ojú owó náírà oníbébà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ẹ ó gbọ́ bí inkì rẹ̀ ṣe yọ sókè, nítorí pé inú ìlà tí a fín sí ara pátákó irin ni inkì náà wà kí wọ́n tó fi agbára tẹ̀ ẹ́ mọ́ bébà.

Ibi mẹ́ta ni ó yẹ kí a fi ojú sí ní ẹnu irin náà. Àkọ́kọ́ ni ojú rẹ̀, tí a gé dagun ní nǹkan bí dígírì 45. Bí ohun tí a fẹ́ fín bá le, bí irin ọ̀bẹ tàbí ti ìbọn, a lè gbé e dé dígírì 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ṣóńṣó rẹ̀ má baà tètè kán. Èkejì ni ṣóńṣó, níbi tí gbogbo ẹ̀gbẹ́ ti pàdé. Ẹ̀kẹta, tí ọ̀ràn pọ̀ sí jù lọ, ni gìgísẹ̀: ojú kékeré méjì tí a pọ́n sí abẹ́ ṣóńṣó, tí ó ń gbé ọ̀pá irin náà kúrò lára iṣẹ́ ní nǹkan bí dígírì 15 sí 20. Gìgísẹ̀ yìí ni irin fi ń jókòó sínú ìlà tí ó ń là, òun ni ó sì ń jẹ́ kí oníṣẹ́ lè pinnu bí ìlà yóò ṣe jìn tó. Ẹni tí ó bá ti rí bí màlúù ṣe ń fa ohun ìtúlẹ̀ ní oko ìhà Zaria yóò mọ̀ pé bí àgbẹ̀ bá gbé èèkù sókè jù, ẹnu irin á rì sínú ilẹ̀, bí ó bá sì tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ jù, ẹnu irin á yọ síta. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni irin ìfín rí, àfi pé ìwọ̀n tí ó wà láàárín rírì àti yíyọ níhìn-ín kò tó fọ́nrán irun.

Àṣìṣe tí ó gbilẹ̀ jù lọ láàárín àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ni gìgísẹ̀ gígùn, mo sì fẹ́ kí a dúró lé e lórí díẹ̀, nítorí pé òun ni wọ́n máa ń dá ọwọ́ lẹ́bi fún jù. Gìgísẹ̀ tí ó dára kì í gùn ju ìdajì mílímítà lọ. Fún iṣẹ́ kéékèèké, ó máa ń kúrú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ó bá gùn tó mílímítà kan tàbí méjì, kò ní dí ìlà tí ó tọ́ lọ́wọ́, nítorí pé ẹ̀yìn gìgísẹ̀ ń tọ ipa tí ṣóńṣó ti là sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìlà bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀, bí ìgbà tí a bá ń fín lẹ́tà O, ṣóńṣó á yà, ẹ̀yìn gìgísẹ̀ kò sì ní lè yà pẹ̀lú rẹ̀. Ń ṣe ni yóò máa ha ògiri ìta ìlà náà. Bí ẹ bá wò ó lábẹ́ awò, ògiri inú ń dán, ògiri ìta ti ṣú, etí rẹ̀ sì ti rún. Oníbàárà tí kò ní awò á kàn rí lẹ́tà O tí apá kan rẹ̀ ń tàn tí apá kejì kò tàn. Oníṣẹ́ tí kò mọ ìdí rẹ̀ á rò pé ọwọ́ òun ni kò tíì dúró, á sì tún gba orí ìlà kan náà kọjá lẹ́ẹ̀kejì pẹ̀lú irin kan náà, ìlà náà á sì burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ohun tí ó yẹ kí ó ṣe ni kí ó padà sídìí òkúta ìpọ́n, kí ó gé gìgísẹ̀ náà kúrú.

Bí gìgísẹ̀ méjèèjì kò bá dọ́gba, ìyẹn bí ti ọ̀tún bá fẹ̀ ju ti òsì, irin náà yóò máa fà sí ẹ̀gbẹ́ kan láìka bí ọwọ́ ṣe gbìyànjú tó. Mo ti rí i tí àwọn ọmọ iṣẹ́ ń tẹ ọwọ́ sí òdìkejì láti fi gbà á padà. Ìyẹn kì í ṣe àtúnṣe, àṣà burúkú ni, tí yóò sì gba ọ̀pọ̀ oṣù kí ó tó kúrò lára ẹni tí ó bá mọ́ lára.

Nítorí náà, pípọ́n ni ìdajì iṣẹ́ yìí. Òkúta dáyámọ́ǹdì oníwọ̀n 600 ni a fi ń gé ojú àti gìgísẹ̀ (bí nọ́ńbà yìí bá ṣe pọ̀ tó ni òkúta ṣe ń kúnná tó), a ó wá gbé e lọ sórí 1200, lẹ́yìn náà a ó fi lẹ́búlẹ́bú dáyámọ́ǹdì tí ó kúnná jù mú un dán. Dídán yìí kì í ṣe fún ẹwà irin, nítorí pé ojú gìgísẹ̀ gan-an ni ó ń yí mọ́ ara wúrà: gbogbo ìlà tí òkúta ìpọ́n bá fi sílẹ̀ lára gìgísẹ̀ ni yóò hàn nínú ògiri ohun tí a fín. Ìlà tí ń kọ mànà tí àwọn ènìyàn fẹ́ràn lára òrùka kò ní àṣírí mìíràn ju èyí lọ. Ó sì yẹ kí ohun ìdìmú kan wà tí yóò di irin náà mú ní dígírì kan ṣoṣo bí a ti ń pọ́n ọn, nítorí pé ẹni tí ó bá ń fi ojú lásán díwọ̀n yóò sọ ojú irin di roboto, irin roboto kì í sì í jẹ ohun líle.

Láti mọ̀ bóyá ó mú, ẹ rọra gbé ṣóńṣó náà lé orí èékánná àtàǹpàkò ní ìdagun láìtẹ̀ ẹ́. Bí ó bá mú, á dúró síbẹ̀. Bí ó bá ti kú, á yọ̀ lọ. Ọ̀nà kejì ni kí ẹ gbé e sí abẹ́ iná kí ẹ sì fi awò wò ó: ṣóńṣó tí ó pé kì í dá ìmọ́lẹ̀ padà, ṣùgbọ́n èyí tí ó ti kán, bí ó ti wù kí ó kéré tó, á fi àmì ìmọ́lẹ̀ kékeré kan hàn. Àmì yẹn tó láti ba odindi lẹ́tà jẹ́. Oníṣẹ́ tí ó bá ń fín irin líle lè padà sídìí òkúta lọ́pọ̀ ìgbà láàárín wákàtí kan, kò sì sí ohun ìtìjú nínú rẹ̀.

Púpọ̀ nínú àwọn tí mo mọ̀ ní ìhà ibí máa ń ṣe irin ìfín fúnra wọn láti ara bíìtì dírílì tàbí ayùn irin tí ó ti kán, èyí tí wọ́n rà ní ọjà Panteka ní Kaduna tàbí lọ́wọ́ àwọn tí ń ta àlòkù irin. Ọgbọ́n rere ni, bí ó bá jẹ́ irú tí wọ́n kọ HSS (high-speed steel) sí lára, nítorí pé irin yẹn kì í sọ líle rẹ̀ nù àfi bí ó bá gbóná dé nǹkan bí 600 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Irin kábọ̀nù yàtọ̀. Bí ẹ bá gbé e sórí ẹ̀rọ gíráńdà láìrì í sómi, tí ṣóńṣó rẹ̀ sì di búlúù, ó ti gbóná dé nǹkan bí 300, ó sì ti rọ̀. Bí ẹ bá pọ́n ọn títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, kò ní dúró lẹ́nu iṣẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ibi tí ó di búlúù yẹn gbọ́dọ̀ kúrò pátápátá kí a tó lè lò ó. Nígbà ọyẹ́, láti ìparí ọdún wọ inú oṣù Kejì, eruku tí ń bọ̀ láti aṣálẹ̀ máa ń bà lórí òkúta ìpọ́n tí a kò bò, eruku náà sì le tó láti fi ìlà sí gìgísẹ̀ tí a ti mú dán. Ẹ fi aṣọ bo òkúta yín, kí ẹ sì nù ún kí ẹ tó lò ó.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ ká wá sórí ohun tí gbogbo ènìyàn ń bẹ̀rù jù, ìyẹn kí irin yọ̀ lọ́wọ́ kí ó sì ha òrùka olówó gọbọi láti òkè dé ilẹ̀. Ọ̀pọ̀ gbà pé àárẹ̀ tàbí àìfarabalẹ̀ ni ó ń fà á. Nígbà mìíràn bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹ wo bí ó ṣe sábà ń ṣẹlẹ̀. Ṣóńṣó ti kán díẹ̀, kò jẹ wúrà mọ́ bí ó ti yẹ, oníṣẹ́ sì rí i pé irin kò lọ dáadáa. Dípò kí ó dúró, ó fi agbára kún un. Agbára náà ń pọ̀ sí i, irin sì dúró síbẹ̀, títí yóò fi já lójijì, gbogbo agbára tí ó ti kó jọ lẹ́yìn rẹ̀ á sì gbé e lọ síwájú. Irin tí ó mú dáadáa kì í béèrè irú agbára bẹ́ẹ̀ lórí wúrà tàbí fàdákà. Àtàǹpàkò ọwọ́ tí ó mú irin gbọ́dọ̀ wà lórí iṣẹ́ náà gẹ́gẹ́ bí bíréèkì, kí irin máa gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ọwọ́ kejì kò sì gbọdọ̀ wà níwájú ṣóńṣó láé, nítorí pé irin ìfín lè wọ ẹran ara dé eegun.

Ohun kejì tí àwọn tí kì í ṣe oníṣẹ́ kì í mọ̀ ni pé ọwọ́ tí ó mú irin kì í fi bẹ́ẹ̀ rìn. Iṣẹ́ náà ni ó ń yí. A máa ń de òrùka tàbí àwo mọ́ orí fáìsì, ìyẹn ohun ìdìmú roboto tí ó wúwo tí ó sì ń yí lórí ìdí rẹ̀, tàbí kí a gbé e lé àpò awọ tí a rọ iyanrìn sí. Ohun tí kò ṣeé dè mọ́ fáìsì, bí ẹ̀gbà tín-ín-rín, a ó fi ìda líle lẹ̀ ẹ́ mọ́ pákó. Nígbà tí ìlà bá ní láti tẹ̀, ọwọ́ òsì á máa yí fáìsì náà bọ̀ wá pàdé irin, ọwọ́ ọ̀tún á sì máa tì í síwájú díẹ̀díẹ̀ ní ojú kan. Ẹni tí ó bá fi ọrùn ọwọ́ rẹ̀ yí ìlà yóò dé ibi tí ọrùn ọwọ́ kò lè yí mọ́, yóò dúró, yóò tún ara ṣe, yóò sì tún bẹ̀rẹ̀, ibi ìdúró kọ̀ọ̀kan á sì hàn lára lẹ́tà gẹ́gẹ́ bí igun. Bí ẹ bá rí lẹ́tà O tàbí S tí ó ní igun mẹ́ta tàbí mẹ́rin níbi tí ó yẹ kí ó tẹ̀ geere, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nìyẹn.

Ní ti jíjìn, àwọn oníbàárà máa ń rò pé ìlà tí ó fẹ̀ ni ìlà tí ó jìn. Kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. Irin tí a pọ́n ṣóńṣó rẹ̀ sí dígírì 90, ìyẹn bí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì ṣe ya síra, á fi ìlà tí ó fẹ̀ ní ìlọ́po méjì jíjìn rẹ̀ sílẹ̀. Bí ìlà náà bá fẹ̀ tó 0.2 mílímítà, ó jìn ní 0.1. Irin oní-dígírì 120, tí ó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn oníṣẹ́ òde òní, á fi ìlà kan náà tí ó fẹ̀ tó 0.2 sílẹ̀, ṣùgbọ́n jíjìn rẹ̀ kò ju nǹkan bí 0.06 lọ. Ìlà èkejì yìí gba ìmọ́lẹ̀ sára ju ti àkọ́kọ́ lọ nítorí pé ògiri rẹ̀ tẹ́, ó sì rọrùn láti fín lára irin líle, ṣùgbọ́n òun ni yóò kọ́kọ́ parẹ́ lára òrùka tí ènìyàn ń wọ̀ lójoojúmọ́. Fún inú òrùka, níbi tí nǹkan kì í fi bẹ́ẹ̀ ha á, mo máa ń fara mọ́ 120; fún ìta rẹ̀, 90 ni mo gbà pé ó dára jù.

Ohun tí a ń fín náà ní ìwà tirẹ̀. Fàdákà 925, tí ìdá 92.5 nínú 100 rẹ̀ jẹ́ fàdákà, gbọ́ràn, bẹ́ẹ̀ náà ni wúrà oníkárááti 18, tí ìdá 75 nínú 100 rẹ̀ jẹ́ wúrà. Idẹ máa ń já geere, òun sì ni mo fi ń gba àwọn tí ó ń kọ́ṣẹ́ nímọ̀ràn. Bàbà pupa rọ̀ jù, ó ń lẹ̀ mọ́ irin, àfi kí a máa ti ṣóńṣó bọ òróró ẹ̀rọ ìránṣọ. Irin tí kì í dípẹtà burú ju gbogbo wọn lọ, nítorí pé bí a bá ti ń fi irin tí ó kú ha á ni ojú rẹ̀ ń le sí i, títí tí ṣóńṣó yóò fi kán.

Ọ̀rọ̀ wúrà ìparà, ìyẹn òrùka idẹ tàbí irin tí wọ́n kàn fi wúrà pa lára, gbọ́dọ̀ yé gbogbo oníbàárà, nítorí pé òun ni ó ń fa àríyànjiyàn jù. Ìpele wúrà tí wọ́n fi pa irú òrùka bẹ́ẹ̀ sábà máa ń kéré ju 0.005 mílímítà lọ. Ìlà tí ó jìn ní 0.1 ti wọlé ní ìlọ́po 20 ìpele náà, nítorí náà ohun tí yóò hàn nínú orúkọ tí a bá fín ni idẹ tàbí irin tí ó wà nísàlẹ̀, kò sì sí bí oníṣẹ́ ṣe lè mọ̀ ọ́n ṣe tó tí kò ní rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ní irú òrùka yìí, kí ẹ fín in kí ẹ sì tún un pa ní wúrà lẹ́yìn náà.

Yíyàwòrán sílẹ̀ kí a tó fín ni àwọn ọmọ iṣẹ́ kì í ní sùúrù fún. A ó kọ́kọ́ fi sáńpépà 600 dé 1500 mú ojú iṣẹ́ tẹ́jú, a ó nù ún kí ọ̀rá kúrò, a ó fi ọ̀dà funfun olómi díẹ̀ bò ó, a ó wá fi pẹ́ńsù ya gbogbo rẹ̀. Àwọn kan máa ń tẹ àwòrán jáde láti inú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé onílésà, wọ́n á dojú bébà náà dé ara irin, wọ́n á sì fi acetone, omi tí a fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́, rin ín títí inkì yóò fi lẹ̀ mọ́ irin. Ó yára, ó sì dára, ṣùgbọ́n ohun tí a bá dojú rẹ̀ dé á yí padà, nítorí náà ó di dandan kí a ti tẹ̀ ẹ́ ní òdì láti orí kọ̀ǹpútà. Òrùka èdìdì nìkan ni a ń fi lẹ́tà sílẹ̀ ní òdì, kí ó lè tọ́ nígbà tí a bá fi lu ìda.

Orúkọ Yorùbá fúnra rẹ̀ béèrè ètò tí àwọn oníṣẹ́ tí wọ́n kọ́ ọ ní èdè mìíràn kì í rántí. Ẹ gbà pé òrùka kan fẹ̀ ní mílímítà 4, tí ẹni tí ó ni ín sì fẹ́ kí a fín Ọláṣubọ̀mí sí i. Bí oníṣẹ́ bá fi lẹ́tà kún gbogbo fífẹ̀ òrùka náà, kò ní sí ibi tí àmì ìsàlẹ̀ Ọ àti ṣ yóò jókòó sí, bẹ́ẹ̀ ni àmì ohùn kò ní rí ibi dúró lókè. Yóò wá fún wọn mọ́ etí òrùka, etí náà á sì jẹ wọ́n láàárín ọdún díẹ̀. Ohun tí ó tọ́ ni kí ara lẹ́tà má ju mílímítà 2 lọ, kí a fa ìlà pẹ́ńsù mẹ́rin, kí òkè àti ìsàlẹ̀ sì ní àyè tiwọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ máa ń fín gbogbo ìlà òró nínú orúkọ náà tán kí wọ́n tó fín èyí tí ó dagun, lẹ́yìn náà èyí tí ó tẹ̀, kí gbogbo òró lè dúró ní ọ̀nà kan náà. Àmì ìsàlẹ̀ ni ó kẹ́yìn: a ó gbé ṣóńṣó sí ojú ibẹ̀, a ó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, a ó sì yí fáìsì po lẹ́ẹ̀kan láìgbé irin kúrò, ihò roboto kékeré kan á sì jáde tí inú rẹ̀ ń dán. Àwọn tí ń béèrè fún lẹ́tà Lárúbáwá, tí wọ́n sì pọ̀ níbí, ní irú ìṣòro kan náà pẹ̀lú àwọn àmì òkè àti ìsàlẹ̀ tiwọn.

Ní ti ọnà tí ó ní ewé tí ó ká sínú ara rẹ̀, ìlà ẹ̀yìn rẹ̀ ni a ń kọ́kọ́ yà, tí yóò máa sún mọ́ àárín díẹ̀díẹ̀ láìní ibi tí ó tẹ́ tàbí tí ó ṣẹ́. Ewé gbogbo gbọ́dọ̀ yọ láti ara ìlà yìí sí ọ̀nà kan náà. Àwọn ìlà wẹ́wẹ́ tí ń fún ewé ní òjìji máa ń jìn ní ìdí, wọ́n á sì tín-ín-rín lọ sí ṣóńṣó. Ẹni tí ó bá fi gbogbo wọn jìn bákan náà, ewé rẹ̀ á dà bí ohun tí wọ́n fi kọ́ọ̀mù ya.

Àwọn kan gbà pé irin tí afẹ́fẹ́ ń lù, tí a so mọ́ kọ̀mpúrẹ́sọ̀, ni yóò wo gbogbo àìsàn yìí sàn. Irin náà dára fún ohun líle, ó sì ń gba ọwọ́ lọ́wọ́ àárẹ̀, ṣùgbọ́n gìgísẹ̀ gígùn kò di kúkúrú nítorí pé afẹ́fẹ́ ń lù ú, ṣóńṣó tí ó kán á sì tún máa yọ̀ kánkán ju ti ọwọ́ lọ. Kí ẹni tí ó ń kọ́ṣẹ́ tó náwó sórí rẹ̀ àti sórí epo jẹnẹrétọ̀, kí ó ra òkúta ìpọ́n tí ó dára.

Bí irin bá yọ̀ tí ó sì fi ojú ọgbẹ́ sílẹ̀, a kì í fi sáńpépà kọ́kọ́ lọ̀ ọ́. Irin dídán tí ẹnu rẹ̀ roboto ni a fi ń rọra ra etí ọgbẹ́ náà wọlé, kí ohun tí ó ti ṣí sọ́tùn-ún sósì lè padà sí àyè rẹ̀, ìgbà náà ni a ó tó fi sáńpépà 1000 àti 1500 tẹ̀ lé e. Bí ọgbẹ́ bá jìn jù, tí àyè sì wà, a lè sọ ọ́ di ara òjìji ewé. Lẹ́tà tí a ṣì fín ni kò ní ọ̀nà àbáyọ rírọrùn: yálà kí alágbẹ̀dẹ fi wúrà oníkárááti kan náà jó o dí, èyí tí àwọ̀ rẹ̀ lè yàtọ̀ díẹ̀, tàbí kí a lọ gbogbo ojú òrùka náà wálẹ̀ títí ìlà yóò fi parẹ́, òrùka á sì fúyẹ́ sí i. Nítorí náà, kí ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ orúkọ náà sórí ìwé pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀, kí ẹ sì ní kí oníṣẹ́ fi àwòrán pẹ́ńsù tí ó yà sára òrùka hàn yín kí ó tó gbé irin lé e.